Sáfà ọ̀fẹ́ wo ló ń gba sátífíkéètì HTTPS fúnra rẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Owé (Kábà)

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ kú iṣẹ́.

Èmi ni mo ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kajú wa níbí. Ìkànnì kékeré ni. Ojú ewé kan wà tí a ti ń kọ iye tí àwọn oníbàárà ń ra kajú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òmíràn wà tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wọlé láti wo iye àpò tó kó wá àti owó rẹ̀ tó kù nílẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì àwọn èèyàn wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, nígbà tí kajú ń wọlé wìtìwìtì, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé ìkìlọ̀ pupa ń yọ lórí fóònù àwọn, pé ìkànnì náà kò ní ààbò. Sátífíkéètì HTTPS, ìyẹn ẹ̀rí ààbò ìkànnì wa, ti kú láti òru. Àwọn tó ń gba ìkànnì náà sílé fún wa (mi ò ní dárúkọ wọn) ní àfi ká sanwó ká tó rí tuntun gbà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló sì gbà wọ́n. Kí ọjọ́ mẹ́ta náà tó pé, ọ̀rọ̀ ti gba ọjà kan pé àwọn gbájúẹ̀ ti gba ìkànnì ẹgbẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nọ́ńbà báńkì síbẹ̀ mọ́. Ó dùn mí wọra. Ọdún méjì ni mo fi bẹ àwọn ìyá wọ̀nyí kí wọ́n tó gbà pé ohun tí wọ́n rí lórí fóònù lè jẹ́ òótọ́.

Mo ti háyà VPS kan báyìí, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Debian 12 (irú Linux kan) ló wà lórí rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 1 GB, èdè PHP ni wọ́n sì fi kọ ìkànnì wa. Sáfà tí mo ń wá, ìyẹn ètò tó ń gbé ojú ewé fún àlejò, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó máa gba sátífíkéètì kó sì máa sọ ọ́ di ọ̀tun láìjẹ́ pé mo ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà. Wọ́n dárúkọ Caddy, Nginx, Apache àti Traefik fún mi. Èwo ni kí n mú? Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, n kì í ṣe ẹnjiníà, ṣùgbọ́n mo lè tẹ àṣẹ tí mo bá ti lóye ohun tó ń ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fún mi ní bí mo ṣe máa ṣàlàyé HTTPS yìí fún ìpàdé ẹgbẹ́.

Yàgbà_Lórí_Sáfà (Lọ́kọ́ja)

Òkun o, àǹtí. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú.

Caddy ni kí ẹ mú. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n dárúkọ fún yín, òun nìkan ni HTTPS jẹ́ àbímọ́ fún. Àwọn yòókù, ẹ máa kọ́kọ́ gbé sáfà dìde, lẹ́yìn náà ni ẹ máa wá ràn án níṣẹ́ pé kó lọ gba sátífíkéètì. Ti Caddy, ẹ kọ orúkọ ìkànnì yín sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ Caddyfile, òun á lọ bá Let's Encrypt, àjọ tó ń fúnni ní sátífíkéètì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀hún ò bá gbà, tí ẹ bá ti kọ ímeèlì yín sínú Caddyfile, á yà sọ́dọ̀ ZeroSSL tí òun náà ń fúnni ní sátífíkéètì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà http:// wọlé, á darí rẹ̀ sí https://. Nígbà tó bá ku ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ tí sátífíkéètì máa lò, á ti máa wá òmíràn. Ti Let's Encrypt máa ń lo 90 ọjọ́, nítorí náà nǹkan bí oṣù kan ni Caddy ní láti fi gbìyànjú léraléra kí ìkìlọ̀ pupa tó lè yọ sí ẹnikẹ́ni.

Matt Holt ló gbé e jáde ní 2015, ẹ̀dà kejì tí a ń lò báyìí sì dé ní 2020. Èdè Go ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ni Apache 2.0, ìyẹn ni pé ẹ lè lò ó, ẹ lè tú u wò, ẹ lè tún un ṣe, ẹ sì lè fún ẹlòmíràn láìsan kọ́bọ̀.

Gbogbo ohun tí ẹ máa kọ nìyí:

```
orukoyin.org.ng, www.orukoyin.org.ng {
    root * /var/www/egbe
    php_fastcgi unix//run/php/php8.2-fpm.sock
    file_server
}
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni orúkọ. Ìkejì ni fódà tí ìkànnì wà. Ìkẹta ló ń fa PHP lé PHP-FPM, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù PHP, lọ́wọ́. Ìkẹrin ló ń gbé àwòrán àti àwọn fáìlì yòókù fún àlejò. Ẹ ò rí ìlà kankan tó dárúkọ sátífíkéètì, àbí? Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Caddy tó wà nínú àpótí ètò (repository) Debian 12 fúnra rẹ̀ ti pẹ́, 2.6.2 ni, ẹ fi àpótí tí àwọn Caddy ń bójú tó kún ti Debian kí ẹ lè máa rí tuntun gbà.

Ní ti ìpàdé, báyìí ni mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi ní Ìsánlú. HTTP dà bí ìwé tí a kò fi sínú àpòòwé tí a fi rán awakọ̀ láti gáréèjì Kábà wá sí Lọ́kọ́ja. Awakọ̀ lè kà á, ẹni tó jókòó tì í lè kà á. Ẹni tó bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Ọ̀bájànà lè kà á, kódà ó lè fi báírò yí nọ́ńbà báńkì inú rẹ̀ padà. Àrokò ni HTTPS. Ẹni tó gbé e kò mọ ohun tó ń sọ, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì tú u lọ́nà, ẹni tó gbà á á mọ̀. Ṣùgbọ́n àrokò nìkan kò tó, torí olè náà lè pàrokò. Ibẹ̀ ni sátífíkéètì ti wúlò: ẹlẹ́rìí ni, òun ló ń jẹ́rìí pé ẹni tó ń gba àrokò yìí ló ni orúkọ tó ń jẹ́.

BàbáOlùkọ́ (Ìyàrà)

Òkun o, ẹ̀yin ọmọ mi.

Yàgbà, ìmọ̀ràn rẹ dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí o kò bi í. Tíṣà, sáfà wo ni ìkànnì yín wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ Apache, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn níbi tí wọ́n ti ń gba ìkànnì PHP sílé, á jẹ́ pé àwọn fáìlì kan tó ń jẹ́ .htaccess wà káàkiri àwọn fódà yín. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún Apache pé "má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú fódà yìí". Caddy kì í ka .htaccess. Nginx náà kì í kà á. Ọjọ́ tí ẹ bá kó ẹrù dé ilé tuntun, gbogbo ilẹ̀kùn tí .htaccess tì á ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sí ìkìlọ̀ tó máa sọ fún yín. Èèyàn á rí àgádágodo HTTPS lókè, ọkàn á balẹ̀, ìwé orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á sì wà níta.

Nítorí náà, bí kóòdù náà bá gbára lé .htaccess púpọ̀, ẹ dúró sọ́dọ̀ Apache. Láti 1995 ló ti wà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ẹ̀dà 2.4.30 ló sì ti ní ohun tó ń jẹ́ mod_md, tó máa bá yín lọ gba sátífíkéètì lọ́dọ̀ Let's Encrypt láìsí irinṣẹ́ mìíràn. Ìlà méjì ni:

```
MDomain orukoyin.org.ng www.orukoyin.org.ng
MDCertificateAgreement accepted
```

Kókó kan wà níbẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. mod_md á gba sátífíkéètì tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó àfi tí Apache bá ṣe reload, ìyẹn kó tún ètò rẹ̀ kà. Ẹ fi reload ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sínú cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí ẹ bá dá.

Èmi fẹ́ràn Caddy náà o. Ọ̀rọ̀ owó ló jẹ́ kí n fà sẹ́yìn nígbà kan: ní 2017 wọ́n fi ìwé àṣẹ olówó sórí èyí tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ tí iléeṣẹ́ fẹ́ lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòdù rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n mú ìyẹn kúrò ní 2019. Ẹ máa ka ìwé àṣẹ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀, kì í ṣe ìwé ìpolówó rẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ́

Mo kí yín o, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n Yàgbà, mo kí yín.

Nginx ni èmi ń lò. Igor Sysoev ló kọ ọ́, 2004 ló jáde, ìwé àṣẹ BSD ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í jẹ RAM rárá. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n lò kò nídìí láti sá kúrò níbẹ̀. Certbot tí EFF, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ni mo fi ń gba sátífíkéètì tèmi. Láti 2025 ni àwọn Nginx fúnra wọn ti gbé module (ẹ̀yà àfikún) kan jáde fún ACME, ìlànà tí a fi ń gba sátífíkéètì, tó ń ṣe iṣẹ́ Certbot láti inú sáfà, èdè Rust ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, mi ò tíì gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn lé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Certbot sọ sátífíkéètì di ọ̀tun lásìkò, ó kọ ọ́ sínú log pé òun ti ṣe é, mo sì gbà á gbọ́. Ọjọ́ 30 lẹ́yìn ìgbà náà ìkànnì kú. Sátífíkéètì tuntun ń bẹ lórí dísìkì, ti àtijọ́ ni Nginx ṣì gbé sọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan ti yí padà. Ìlà kan péré ni mi ò fi sí i:

```
certbot renew --deploy-hook "systemctl reload nginx"
```

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Yàgbà ní ti àǹtí yìí. Sáfà àti Certbot tó ń gba sátífíkéètì jẹ́ ẹni méjì lọ́dọ̀ èmi, ọ̀rọ̀ sì lè já sí ilẹ̀ láàárín wọn. Lọ́dọ̀ Caddy, ẹnì kan náà ni wọ́n.

Bùnú_Kóòdù

Traefik dára, MIT ni ìwé àṣẹ rẹ̀, Go ni wọ́n fi kọ òun náà, ó sì ń gba sátífíkéètì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo Docker (ètò tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ilé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní container), tó ní iṣẹ́ mẹ́wàá tó ń dìde tó ń wólẹ̀ lórí sáfà kan, ni wọ́n ṣe é fún. Kì í gbé fáìlì fún àlejò fúnra rẹ̀, á kàn darí wọn sọ́dọ̀ ẹni tó máa gbé e ni. PHP kan lórí VPS kan? Kò kàn yín, àǹtí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lo Docker, ẹ gbọ́ tèmi. Mo gbé Caddy sínú container, mi ò ya ibì kan sọ́tọ̀ tí á máa kó sátífíkéètì pamọ́ sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún container gbé dìde, ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, ó tún ń lọ tọrọ tuntun. Let's Encrypt kì í fún orúkọ kan náà ní sátífíkéètì kan náà ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín ọjọ́ 7. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, wọ́n ní kí n lọ jókòó. `/data` inú container ni kí ẹ so mọ́ ibi tí kò ní parẹ́. Bó bá jẹ́ orí Debian lásán ni, `/var/lib/caddy` ni ìṣúra náà, ẹ fi kún ohun tí ẹ ń ṣe bákọ́ọ̀pù.

Ọmọ_Owé (Kábà)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Caddy ni mo mú. Mo fi sí i lálẹ́ àná, mo kọ Caddyfile bí ẹ ṣe wí, mo ṣe `caddy validate`, ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n sátífíkéètì kò wọlé. Mo wo `journalctl -u caddy`, ohun tó ń wí ṣáá ni pé àwọn Let's Encrypt lọ wo ojú ewé ìdánwò, wọ́n sì bá 404 níbẹ̀, ìyẹn "kò sí ojú ewé náà". Mo ti tún un gbé dìde tó ìgbà mẹ́rin. Pọ́ọ̀tù 80 àti 443 (ẹnu ọ̀nà HTTP àti HTTPS) ṣí, mo yẹ̀ wọ́n wò. Mo sì ti yí nọ́ńbà IP dómáìnì náà sí ti VPS tuntun láti ìjẹta.

Yàgbà_Lórí_Sáfà (Lọ́kọ́ja)

Ẹ dúró, ẹ má ṣe tún un gbé dìde mọ́. Bí orúkọ kan bá kùnà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan, Let's Encrypt á ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Caddy fúnra rẹ̀ mọ èyí: lẹ́yìn tó bá kùnà, orí sáfà ìdánwò wọn tí wọ́n ń pè ní staging ló ti máa ń gbìyànjú. Ẹ̀yin ni ẹ ń fa á padà sẹ́nu ọ̀nà gangan.

404 yẹn ló fi ọ̀rọ̀ hàn. Bí wọ́n ṣe ń dán èèyàn wò nìyí, ACME ni wọ́n ń pe ìlànà náà, RFC 8555 ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2019. Let's Encrypt á ní: bó bá jẹ́ ìwọ lo ni orúkọ yìí, gbé fáìlì báyìí síbi báyìí. Wọ́n á wá gba pọ́ọ̀tù 80 wọlé wá wò ó. Bí wọ́n bá bá 404, á jẹ́ pé wọ́n dé ilé kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé yín. Bó bá jẹ́ pé pọ́ọ̀tù ló tì, wọn ò ní rí ẹni dá wọn lóhùn rárá.

Ẹ ṣe èyí:

```
dig A orukoyin.org.ng
dig AAAA orukoyin.org.ng
```

Mo fẹ́ mọ ohun tí ìkejì máa sọ. A ni àdírẹ́sì IPv4, AAAA ni ti IPv6. Bí méjèèjì bá wà, ti IPv6 ni Let's Encrypt máa kọ́kọ́ gbà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti yí A kí AAAA ṣì máa nawọ́ sí ilé àtijọ́. Ẹ tún wò ó bóyá CAA wà níbẹ̀: àkọsílẹ̀ tó ń dárúkọ ẹni tó lè fún dómáìnì ní sátífíkéètì nìyẹn. Bó bá dárúkọ ẹlòmíràn tí kò dárúkọ letsencrypt.org, wọn ò ní fún yín.

Ọmọ_Owé (Kábà)

AAAA ni! Sáfà àtijọ́ ló ń tọ́ka sí. Èmi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Mo yọ ọ́ kúrò, mo ní sùúrù wákàtí kan, mo ṣe `systemctl reload caddy`, kí n tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì sátífíkéètì ti wọlé. Mo jókòó mo ń wo àgádágodo kékeré yẹn lórí fóònù mi bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ padà wálé.

Bàbá Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín ni mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo wá .htaccess káàkiri fódà wa. Mẹ́rin ni mo rí. Ọ̀kan wà nínú fódà tí ẹni tó kọ ìkànnì náà fún wa ń kó bákọ́ọ̀pù sí. Mo tẹ àdírẹ́sì fódà náà àti orúkọ fáìlì kan lórí fóònù ọmọ kékeré kan nílé, tí kò wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Gbogbo orúkọ wa ló yọ, pẹ̀lú nọ́ńbà báńkì. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Nǹkan bí wákàtí méjì ló fi wà níta bẹ́ẹ̀. Mo ti ka log, kò sí ẹlòmíràn tó béèrè fáìlì náà. Mo ti kó bákọ́ọ̀pù kúrò nínú `/var/www` pátápátá, màá sì sọ fún ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú ohun tó ṣẹlẹ̀.

BàbáOlùkọ́ (Ìyàrà)

O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Kíkó o kúrò lábẹ́ `root` ló dára jù, torí ohun tí kò sí nínú ilé, kò sí bí àlejò ṣe máa rí i. Ní ti àwọn fódà mẹ́ta yòókù, tí wọn kò bá ṣeé kó, fi èyí sínú Caddyfile:

```
@pamo path /config/* /.git/*
respond @pamo 403
```

Yí orúkọ àwọn fódà náà sí tìrẹ. Lẹ́yìn náà kí o tẹ àdírẹ́sì ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lórí fóònù tí kò wọlé, bí o ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Sọ fún ìpàdé lóòótọ́. Wọ́n á bínú díẹ̀. Ó sàn ju kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ.

Ìyá_Ìbejì (Mọ̀pà)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ń bójú tó ìkànnì iléèwé kan, mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un tí ẹ máa bá pàdé láìpẹ́: fóònù àwọn àgbàlagbà.

Ẹni tí fóònù Android rẹ̀ bá ti pẹ́ ju 7.1.1 lọ kò ní gbongbo ISRG Root X1 (ẹ̀rí ìpìlẹ̀ inú fóònù) tí Let's Encrypt dúró lé. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí mìíràn wà tí àwọn fóònù náà fi ń gbà á, ṣùgbọ́n ìyẹn parí ní oṣù kẹsàn-án 2024. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ á máa kọ ìkìlọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáfà yín kò ní àbùkù kankan. Ẹ má ṣe tìtorí wọn ṣí HTTP padà fún ojú ewé tí wọ́n ti ń wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Níléèwé wa, nọ́ńbà kan la fún àwọn òbí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè pè kí a ka èsì ọmọ wọn fún wọn.

Kí ẹ tó dá fóònù lẹ́bi pé ó ti gbó, ẹ kọ́kọ́ wo déètì rẹ̀. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá nígbà tí kò síná lè dìde kó máa rò pé 2015 la wà. Lójú rẹ̀, sátífíkéètì yín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ti tún irú rẹ̀ ṣe fún èèyàn mẹ́ta nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ́

Ẹ̀gbọ́n Yàgbà, ẹ má bínú pé mo ń ya ọ̀nà. Mo fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan kalẹ̀ nílé pẹ̀lú sólà kí n fi ṣe sáfà, kí n má máa sanwó VPS. Móódẹ́ẹ̀mù SIM ni mo fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé Caddy á gba sátífíkéètì níbẹ̀?

Yàgbà_Lórí_Sáfà (Lọ́kọ́ja)

Lórí SIM, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn ni ẹ jọ ń lo àdírẹ́sì IPv4 kan, CGNAT ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kò lè kan ilẹ̀kùn yín, nítorí náà Let's Encrypt kò ní rí fáìlì tó ń wá.

Ọ̀nà kan wà, DNS-01 ni orúkọ rẹ̀. Caddy á kọ ọ̀rọ̀ àmì kan sínú DNS (ìwé àdírẹ́sì) dómáìnì yín, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kà á, wọn ò ní wá sílé rárá. Ọ̀nà náà ni Let's Encrypt fi ń fúnni ní sátífíkéètì ìràwọ̀, ìyẹn `*.orukoyin.org.ng`. Ẹ máa nílò Caddy tí a fi module oní-DNS yín kọ́. Àmọ́ sátífíkéètì nìkan nìyẹn, àwọn àlejò ò ṣì ní rí ọ̀nà wọlé. Fún ohun tí ẹ̀yin àti ará ilé fẹ́ lò láàárín ara yín, ó dára púpọ̀. Fún ìkànnì gbogbo ayé, ẹ san owó VPS.

Bùnú_Kóòdù

Àǹtí, ẹ má lọ sùn o. Tẹ́lẹ̀, Let's Encrypt máa ń fi ímeèlì sọ fúnni pé sátífíkéètì ti fẹ́ kú. Oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n ti dá a dúró. Bí Caddy bá kùnà fún oṣù kan, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Ibòmíràn tó yàtọ̀ sí VPS náà ni kí ẹ ti máa ṣọ́ ọ. Uptime Kuma jẹ́ ọ̀fẹ́, kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó sì ń wo ọjọ́ sátífíkéètì. Èmi ní ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́, mo lè fi ìkànnì yín kún un kó máa fi Telegram sọ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ wò ó fúnra yín:

```
echo | openssl s_client -connect orukoyin.org.ng:443 -servername orukoyin.org.ng | openssl x509 -noout -dates
```

Ẹni tó ń ra sátífíkéètì ọdọọdún tó ń fọwọ́ gbé e sí i, ilẹ̀ ń ṣú bá a. Àwọn tó ń ṣe aṣàwárí (browser) àti àwọn tó ń fúnni ní sátífíkéètì ti fohùn ṣọ̀kan ní 2025: láti 15 oṣù kẹta 2026, èyíkéyìí tí wọ́n bá fúnni kò gbọdọ̀ lò ju 200 ọjọ́ lọ, láti 2027 á di 100, láti 2029 á di 47. Ta ló fẹ́ máa fọwọ́ ṣe ìyẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?

BàbáOlùkọ́ (Ìyàrà)

Tíṣà, dómáìnì yín ńkọ́? Orúkọ ta ló wà, ímeèlì ta sì ni ìwé owó ọdọọdún ń lọ? Mo béèrè torí pé Caddy kò lè bá yín san ìyẹn. Bí àkókò .org.ng yín bá parí, sátífíkéètì àti sáfà kò já mọ́ nǹkan kan. Mo mọ ẹgbẹ́ ìlú kan tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ṣe àgùnbánirọ̀ níbẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ni ohun gbogbo wà. Ọmọ náà ti rìnrìn àjò, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ọmọ_Owé (Kábà)

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni. Orúkọ ẹni tó kọ ìkànnì náà ló wà, ímeèlì rẹ̀ náà ni. Mo ti pè é, ó ti gbà láti fi lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ímeèlì tí akọ̀wé àti akápò jọ ń ṣí ni a máa lò.

Bùnú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kún Uptime Kuma yín. Mo dúpẹ́ gan-an.

Ìpàdé ti wáyé. Mo sọ ti fáìlì tó ṣí síta, wọ́n béèrè ìbéèrè púpọ̀, ìyá kan ní kí n tún ti ìwé inú ọkọ̀ yẹn sọ, mo tún un sọ. Èèyàn 11 ló kọ nọ́ńbà báńkì wọn padà síbẹ̀ kí a tó tú ká.

Ìbéèrè mi tó kù: ọ̀gá iléèwé wa ti gbọ́, ó ní kí n gbé ti iléèwé náà sórí VPS yìí kan náà. Ṣé mo máa tún Caddy mìíràn fi sí i ni?

Yàgbà_Lórí_Sáfà (Lọ́kọ́ja)

Rárá o, Caddy kan náà ni. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ Caddyfile yín, ẹ kọ orúkọ .sch.ng ti iléèwé, ẹ ṣí àkámọ́ tuntun fún un pẹ̀lú `root` tirẹ̀, ẹ ṣe validate, ẹ ṣe reload. Á lọ gba sátífíkéètì ti ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ rí i dájú pé A rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ VPS kí ẹ tó ṣe reload, kí ẹ sì wo AAAA.